Obìnrin Eléré Márùn-ún, Àmì Kan Ṣoṣo

Ilé Akínfẹ́nwá,
Àgọ́ Ìrókò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2012.

Tẹjú ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú òjò Pọtakọ́ọ̀tù yín tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Bí ìwé yìí bá dé Mgbuoba lọ́dọ̀ yín, kọ́kọ́ jókòó kí o tó kà á, torí ó gùn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín lójú títì kò ní sùn lọ́rọ̀ yín. Ọkọ rẹ, Tamunotonye, ńkọ́? Mo kí i dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ọmọ yín ńkọ́? Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí, ó ní Grandma how you dey, mo ní mo wà, ó ní I no dey hear you, mo ní èmi náà ò gbọ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí káàdì fi tán. Ẹ kọ́ ọmọ yẹn ní Yorùbá. Ìyá àgbà kì í wá ògbufọ̀ kó tó lè bá ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ orí fóònù, bó ṣe ń jáde lẹ́nu ni owó ń jáde lápò, ṣùgbọ́n ìwé, bí mo kọ ojú kan, bí mo kọ ojú mẹ́rin, iye kan náà ni Dáúdà fi ń bá mi gbé e nínú ọkọ̀ ọsàn rẹ̀ tó ń ná Pọtakọ́ọ̀tù. Iṣu kan ni mo fún un, iṣu náà kò sì tóbi.

Nílé níbí, gbogbo wa wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún tẹ ilẹ̀. Adìyẹ tí o fi sílẹ̀ pa ọmọ mẹ́jọ, àṣá gbé méjì, mo yáa ta mẹ́ta kí àṣá tó tún gbèrò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé tí o fi rán Dáúdà sí mi, èyí tí iléeṣẹ́ rédíò kan lọ́dọ̀ yín tẹ̀, tí wọ́n to orúkọ àwọn eléré sinimá sí, pé kí èèyàn fa àmì síwájú ẹni tí yóò gba ife ẹ̀yẹ lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá pé jọ sí Pọtakọ́ọ̀tù. O ní mo mọ eléré jù ọ́ lọ, kí n bá ọ mú wọn. O tún ní kí n má jẹ́ kó dà mí láàmú, eré lásán ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa fún ní fíríìjì. Tẹjú, mo ka ìwé mẹ́fà yọrí. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ, kí n kọ àdírẹ́sì, kí n kọ ọjọ́ orí, kí n wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ta ló ń fọwọ́ sí àlọ́? Ibi tí wọ́n bá ti ní kí èèyàn fọwọ́ sí, ọ̀ràn ti dé ibẹ̀. Fíríìjì tí o ń wí yẹn, mo mọ ohun tó jẹ́. Ohun tí wọ́n ń fi sápò afọbajẹ nìyẹn, wọn kàn ń pè é lórúkọ mìíràn ni. Mo ti mọ̀ pé o kò fẹ́ kí àyà mi já, o ṣeun, ṣùgbọ́n àyà mi ti já.

Nítorí náà mi ò mú un ṣeré. Ti ọkùnrin àti ti sinimá fúnra rẹ̀, mo fa ìyẹn lójú ẹsẹ̀, torí èyíkéyìí tó bá gbà á nínú àwọn ọkùnrin yẹn, ìyàwó rẹ̀ náà ni yóò máa nu eruku ara ife. Ti obìnrin, àwọn márùn-ún, ló gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè fi ojú lásán mú èèyàn. Níbí, bí a bá fẹ́ gbé ìyàwó, a ó ṣèwádìí. Bí a bá fẹ́ fi obìnrin jẹ Ìyálóde, a ó ṣèwádìí. Mo wá pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà kí n lè bèèrè ìwà àwọn márààrún. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, mo kí i títí, mo bi í pé èwo nínú wọn ló ń bá aládùúgbò jà, ó ní kí n tẹ ọ̀kan, kí n tẹ méjì. Mo tún un bi, ó tún ka òǹkà fún mi. Mi ò bínú sí i. Ọmọ tó gbọ́n kì í fẹnu ara rẹ̀ ba ilé onílé jẹ́. Igba náírà ló bá a lọ ṣá.

Àwọn síídì tí o fi pẹ̀lú ìwé náà, mo wò wọ́n tán. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n síta sábẹ́ igi máńgòrò, mo ní ẹni tó bá fẹ́ wòran kó mú ìgò epo jẹnẹrétọ̀ kan dání. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, epo tó ṣẹ́kù ju èyí tí a jó lọ. Tíṣà Dọ̀tun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé wa ló ń bá mi túmọ̀ ibi tí òyìnbó rẹ̀ bá ti le.

Èyí àkọ́kọ́ da májèlé sọ́bẹ̀ orogún rẹ̀. Mo ní ká yọ tiẹ̀ kúrò. Tíṣà ní Màmá, eré ni, wọ́n kọ́ ọ ni. Mo ní ta ló kọ́ ọ? Ọwọ́ ẹni tí kò dà á rí á gbọ̀n. Tíṣà fi síídì mìíràn sí i. Òmíràn ń gúnyán, èékánná rẹ̀ gùn bí ṣíbí, ọmọ odó kò sì kan iṣu lẹ́ẹ̀kan. Òmíràn tún ń tọrọ báárà pé òun kò jẹun láti àná, yẹtí wúrà wà létí rẹ̀, mo ní kó lọ tà á.

Ó wá ku méjì, opó ni àwọn méjèèjì sì ṣe. Ọ̀kan ni Títílayọ̀, ọmọ Òkè Ọ̀sàn tó wà lódìkejì odò wa níbí. Ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un nínú sinimá pé ọkọ rẹ̀ kú, ó ké, ó ju gèlè nù, ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, gbogbo abẹ́ máńgòrò ló bá a sunkún. Omi ti fẹ́ bọ́ lójú èmi náà, ṣùgbọ́n mo rí i pé kó tó ṣubú, ó kọ́kọ́ wo ibi tí kò sí ẹrẹ̀. Mo ní kí Tíṣà dá a padà. A wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ibẹ̀ lóòótọ́.

Ìkejì ni Nengi, ọmọ Okrika, ìlú ọkọ rẹ. Ìyàwó apẹja ló ṣe. Ó ń ta ẹja létí omi nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ọkọ̀ ojú omi ọkọ rẹ̀ ti dé, ọkọ rẹ̀ kò bá a dé. Kò ké. Ó ka ṣéńjì fún oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀, kò lé, kò dín, ó ní kó máa lọ. Ó wá ń to ẹja tó kù sórí atẹ, ó tò ó, ó tú u ká, ó tún un tò. Àwọn kan lábẹ́ igi ní obìnrin yìí mà le o, àbí kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ni? Èmi rántí bàbá rẹ. O kéré nígbà yẹn, o kò lè rántí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá mi nídìí òṣùwọ̀n kòkó pé bàbá rẹ ṣubú lóko, kò sì dìde mọ́, mo wọn àpò tó wà lórí òṣùwọ̀n tán, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Àpò mẹ́ta ni mo wọ̀n kí ara mi tó gbọ́ ohun tí etí mi gbọ́. Títí dòní ni àwọn kan nílé bàbá rẹ ń fi ìyẹn sọ̀rọ̀ sí mi. Ta ló wá sọ fún ọmọ Okrika yẹn pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí?

Mo ní kí wọ́n fún mi ní bírò.

Àṣé ìròyìn ti sọdá odò. Kí n tó fa àmì, Baálẹ̀ Òkè Ọ̀sàn, Olóyè Adéwọlé, ti dé pẹ̀lú àgbà mẹ́rin, wọ́n fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́. Ó ní àwọn gbọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ife ẹ̀yẹ wà. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ Òkè Ọ̀sàn dó, ìlú náà kò gba nǹkan kan rí, títì kò dé ibẹ̀, iná kò dé ibẹ̀, kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí èyí dé ibẹ̀. Ó ní Ìyá Tẹjú, bírò mà fúyẹ́. Mo ní Baba, bírò fúyẹ́, ohun tó ń kọ ni kò fúyẹ́. Mo ní kí wọ́n máa fa ewúrẹ́ wọn lọ, torí ẹnu tí mo bá fi jẹ ẹ́ kò ní lè pe orúkọ ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Ewúrẹ́ náà sanra, mi ò ní purọ́ fún ọ, mo fi ojú wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní ṣebí ará Okrika ni àna mi, òun ti mọ̀ pé ẹja tútù ni mo ti jẹ. Mo ní kó wá gbóòórùn ìkòkò mi. Wọ́n bínú dìde, Baálẹ̀ ní bí ọmọ àwọn kò bá gba ife, kí n wá ibòmíràn ta gàrí. Ọjà Òkè Ọ̀sàn ni mo sì ti ń ta gàrí láti ọdún méjìdínlógún, ibẹ̀ ni owó iléèwé rẹ ti jáde. Mo sọ bírò kalẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mi ò gbé e.

Lọ́jọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, ìyá Títílayọ̀ wá, òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò mú nǹkan kan wá. Ó mu omi tán, ó ní ọ̀rọ̀ ìlú kọ́ ni òun bá wá. Ó ní ọdún méje rèé tí Títílayọ̀ ti wọlé kẹ́yìn, owó ń wá, aṣọ ń wá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń wá, ọmọ kò wá. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fi ife yẹn ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún òun pé bó bá gbà á, yóò gbé e wálé wá fi han ìlú. Kò sí ìdí mìíràn tí òun fi ń bẹ̀ mí.

Tẹjú, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ti Baálẹ̀ lọ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo wá ní Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ yín bá gba ife, gómìnà á pè é, àwọn oníwèé ìròyìn á pè é, àwọn tó fẹ́ fi ojú rẹ̀ ta ọṣẹ á pè é. Ìgbà wo ló máa kàn yín? Bí kò bá wá gbà á ńkọ́, ta ló máa pè é? Ẹni tó gba ife, ìlú ló máa gbà á mọ́ra. Ẹni tí kò gbà á, ìyá rẹ̀ ni.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní Ìyá Tẹjú, fún ẹlòmíràn, kíákíá. Òun gan-an ló fọwọ́ di ìwé náà mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e, tí mo fi fa àmì síwájú Nengi, tí mo sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí n fi Baálẹ̀ sílẹ̀ fún òun, pé òun tí òun bí ọmọ ló ní kí n má fún un. Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà. Mo gbọ́ pé Baálẹ̀ ní òun yóò wò ó bóyá ọmọ náà á wálé lóòótọ́, kí òun tó mọ ibi tí n ó gbé igbá gàrí mi kà.

Ọwọ́ rẹ ló kù sí báyìí. Lọ́jọ́ ọ̀hún, tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ní Trans-Amadi, sọ fún un pé ìyá rẹ ló mú ẹni tó gba ife, kò ní lè dí ọ lọ́wọ́. Dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Má lọ bá Nengi, èrò á ti pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn tí kò gbà, wo ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín jù, Títílayọ̀ nìyẹn. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ife ṣe, òun fúnra rẹ̀ ni òun ń retí. Dáúdà ní òun á fi ìjókòó méjì sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀kan jẹ́ ti Títílayọ̀. Ìkejì, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n Kérésì mẹ́ta rèé tí mo ti rí i kẹ́yìn.

Ó ku owó. Atẹ́gùn ká páànù méjì lórí ilé ìdáná, mo ti bá oníṣòwò páànù dúnàá dúràá títí ó fi ń bẹ̀ mí pé kí n máa lọ. Owó páànù méjì àti ìṣó ni kí o fi ránṣẹ́, mi ò bèèrè ti káfíńtà, èmi ni n ó di àkàbà mú fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Má fi sí bánkì. Ọmọ tó jókòó níbẹ̀ ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni èmi, mo ní èmi rèé, ó ní ìyẹn kò tó. Bí o bá lè fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá, kò ní sọnù lọ́nà.

Ọlọ́run á fún ọ níṣẹ́, á fún ọ lówó, á sì fún ọ ní àyè. Kò ní jẹ́ kí o níyì débi tí ìyá rẹ yóò fi máa bẹ ẹlòmíràn kó tó rí ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abíọ́nà Akínfẹ́nwá.