Owó Ìdógò Tí Ìjọba Bá Wa Gbà Sílẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí? Ìròyìn ayọ̀ ni a ó máa gbọ́ nípa ara wa. Ara mi le, àfi orúnkún tí kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn.

O mọ̀ pé nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ilé iṣẹ́ adójútòfò tí o ní kí n máa san owó fún ṣèlérí ẹ̀rọ tuntun. Kí wọ́n tó san án, gbèsè ti wó àwọn náà lulẹ̀. Mo sunkún, nítorí ọwọ́ mi kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Àṣé ìjọba ti gbọ́n jù wọ́n lọ. Ọkùnrin onígíláàsì ojú kan tí kóòtù rán wá pín ohun tó kù pe gbogbo àwa tí wọ́n jẹ lówó sí ọ́fíìsì wọn, ó ní kí ilé iṣẹ́ náà tó ṣílẹ̀kùn rárá ni ìjọba ti gba owó ìdógò lọ́wọ́ wọn, tó tì í mọ́ báńkì, tí ẹni tó ni ín gan-an kò lè fọwọ́ kàn án, nítorí irú ọjọ́ báyìí. Mo nawọ́, mo bi í bóyá wọ́n máa ń sá owó náà sóòrùn, torí owó bébà tó bá pẹ́ nínú àpótí a máa bu. Ó ní òun yóò bá mi wádìí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà jókòó sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò kí i. Mo lọ bá a, mo ní ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Àwọn tó kù ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwa tí òfò ṣe la ó kọ́kọ́ gbowó, tí ọ̀gá yóò sì gbẹ̀yìn, ojú tì mí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gba tiẹ̀ ṣáájú, a kì í ní kí ọlọ́fọ̀ lọ tò sẹ́yìn. Onígíláàsì ní òfin kò gbà, pé bí òun bá fún un, èmi kò ní rí ẹ̀rọ rà. Òfin náà wù mí jọjọ. Ó dà bí ìyá tó bo oúnjẹ àbíkẹ́yìn mọ́lẹ̀ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé.

Wọ́n ti san apá kan, mo fi ra ẹ̀rọ àlòkù, mo sì ti ń rán aṣọ iléèwé. Wọ́n ní ìyókù ń bọ̀ tí wọ́n bá ta àga àti tábìlì ọ́fíìsì tán.

Wàyí o, fi owó ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ. O ní o fẹ́ kó gbogbo ohun tí o ní lé ṣọ́ọ̀bù tuntun tí o fẹ́ ṣí ní ìlú ńlá yẹn lórí, n kò dá ọ dúró, ṣùgbọ́n kí o tó ṣílẹ̀kùn, san owó ìdógò tìrẹ fún mi. N kò ní ná an, bí o bá sì bẹ̀ mí títí, n kò ní fún ọ. Ọjọ́ tí ìlú ńlá bá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, wá sílé. Àwọn tó o jẹ lówó lè tò sẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àtilọ àtàbọ̀ rẹ, kò sì ní jẹ́ ká lo owó ìdógò náà láé.

Èmi ni, ìyá rẹ.