Ìlà Tí Mo Gbá Nù Lójúde Wa

                                        Ojúlé Kẹta, Ọ̀nà Etí Ọ̀sà,
                                        Àjídò, Badagry,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        14 Oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Olúbísí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá Tiwalolúwa ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo gbọ́ pé Tiwalolúwa ti bímọ. Ẹ kú ewu ọmọ o.

Ọ̀rọ̀ Zinsu, àkọ́bí mi, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé òun ló ń dúró níwájú ọkọ̀ ju àwọ̀n fún bàbá rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni òòyì ti ń kọ́ ọ. Tó bá yíjú pẹ́nrẹ́n, ilé á máa yí lójú rẹ̀, etí òsì á máa kùn bí oyin. Wọ́n ní inú etí ló bàjẹ́, pé ibẹ̀ ló ń jẹ́ kéèyàn lè dúró ṣinṣin.

Eré ìdárayá ni wọ́n fún un ní ọsibítù: kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, kó fa ìlà sílẹ̀, kó máa tọ̀ ọ́ rìn. Ọ̀rẹ́ mi, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, òòyì dé nìyẹn, á sì máa bì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo fi ìgbálẹ̀ gbá ìlà náà nù. Mo ní, "Irú ìwòsàn wo ló ń dá àìsàn sílẹ̀? Lọ dùbúlẹ̀ jàre." Ó ní, "Màámi, wọ́n ní bó ṣe máa rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Mi ò gbọ́.

Oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀. Nílé ọkọ mi, àwọ̀n òkú nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ kó gbẹ sórí òpó láìlò, nítorí náà bàbá rẹ̀ gbé àwọ̀n Zinsu fún Sagbo, àbúrò Zinsu.

Nígbà tá a padà lọ sí ọsibítù, obìnrin tó kọ́ ọ ní eré náà rí i tó ń di ògiri mú rìn. Ó bi í bóyá ó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ọ̀lẹ ló ṣe mí." Olúbísí, ó bò mí láṣìírí! Obìnrin náà ní ìdùbúlẹ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́, pé òun ò mọ̀ bóyá ó tún lè dúró nínú ọkọ̀ láé.

Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ eré náà. Àràárọ̀ ló ń ṣe é létí omi, nígbà tí bàbá rẹ̀ àti Sagbo bá ń tu ọkọ̀ lọ. Wọ́n ní kó lajú ṣe é. Àmọ́ tó bá ti yí orí sí apá ọ̀sà tí ọkọ̀ wọn wà, ó máa ń dijú. Èmi tí mo dúró tì í, mi ò lè sọ fún un pé kó là á.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì gbé ọmọ tuntun jó fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ wúwo,
Láídé