Bàbá Jẹ́-kó-kán, Ẹni Tó La Ọ̀nà fún Omi (1949–2024)

Yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni wọ́n bí bàbá wa sí, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń rọ̀ gidigidi, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1949. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí wọn máa ń sọ ọ́ títí Bàbá fi di géńdé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun sún bàsíà sí ibi tó ń jò kí ọmọ náà tó jáde, àti pé nígbà tó jáde, kò tètè ké, ńṣe ló ń wo òkè bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wọlé. A ò lè búra sí ìyẹn. Ohun tó dá wa lójú ni pé atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni bàbá tó bí wọn, ìyá wọn ń fọ aṣọ fún àwọn ará àdúgbò, bàbá bàbá wọn sì ni agbẹ́-kànga tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ọmọ-ọmọ ẹni tó ń fa omi sókè ni wọ́n, àwọn náà sì wá fi ọjọ́ ayé wọn ṣe ọ̀nà fún omi láti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ni ẹkẹta nínú ọmọ márùn-ún.

Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956, wọ́n sì jáde ní 1962. A ò ní torí pé a ń sìnkú ká wá parọ́: ìṣirò wọn dára, ìwé kíkà wọn mọ níba, ojú fèrèsé ni wọ́n sì máa ń jókòó sí kí wọ́n lè rí ọkọ̀ tó ń kọjá. Nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì karùn-ún, ẹnu ẹ̀rọ táńkì omi ilé ìwé dí fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mú sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, wọ́n tì í bọ inú rẹ̀, wọ́n fà á, òkú alángbá kan sì yọ síta, omi tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ilé ìwé bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé kò sí ìwé ẹ̀rí kankan tó dùn mọ́ àwọn tó ìbọ̀wọ́ yẹn.

Ní ọdún 1966, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ dunjú, wọ́n sì gba òmìnira ní 1971, ṣùgbọ́n wọn ò kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá náà. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, éésì bí gbogbo wa ṣe ń pè é, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú títì, tọ̀gá tọmọṣẹ́ sì jọ ń kọ́ ọ ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí kò bá mọ ohun tí Bàbá ń ṣe jẹun, kò le rárá. Bí éésì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fa omi jáde láti inú afẹ́fẹ́, bí ife omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Omi náà á ro sínú àwo kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á wá gba họ́ọ̀sì róbà tín-ín-rín kan jáde sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ewé àti eruku bá dí họ́ọ̀sì yẹn, ẹsẹ̀ èrò inú ọkọ̀ ni omi á padà sí. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá ń kán omi tó mọ́ sílẹ̀ nígbà tí ooru mú, ara rẹ̀ yá ni. Bàbá kò tíì mọ èyí dáadáa ní ọdún 1975, àìmọ̀ yẹn gan-an ló sì bí gbogbo wa.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, inú ń bí i. Ó ní, "Ọkọ̀ mi ń tọ̀ sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú ilé mi ni. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá a dúró." Ọ̀gá kò sí nílé. Bàbá wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n rí họ́ọ̀sì tó ń kán, wọ́n gé róbà kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà so ó pinpin. Kíkán dáwọ́ dúró. Tíṣà rọ̀jò àdúrà lé wọn lórí, inú Bàbá dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ ọwọ́. Wọn ò rántí pé omi tí a dí lọ́nà kò lọ sílé.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ ẹ̀gbọ́n tíṣà yìí, tó jẹ́ aránṣọ, ń gbé gáùn ìgbéyàwó funfun lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi rán an, ọwọ́ ló sì fi to ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ló bá gbé páálí gáùn sílẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn mú, éésì ń fẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà àkọ́kọ́, omi tó ti ń kóra jọ láti ọjọ́ mẹ́ta ya wá láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni da korobá nù. Kí aránṣọ tó pariwo tán, etí gáùn ti mu omi yó, aró pupa kápẹ́ẹ̀tì sì ti gun un dé orúnkún. Gáùn àyálò ni ìyàwó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ Ajé, aránṣọ wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, ó gbé gáùn náà lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ àbúrò bàbá mi nínú yín?" Bàbá ì bá sá gba ẹ̀yìn, àyè wà. Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n ní, "Èmi ni." Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀: "O tún un ṣe ni, àbí o gbẹ́ kànga sínú ẹ̀?" Èsì tí Bàbá fọ̀ ti di àpárá nínú ìdílé wa títí dòní: "Ẹ má bínú, àǹtí. Bàbá bàbá mi ló ń gbẹ́ kànga." Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, Bàbá sì rí i.

Bàbá gba gáùn náà lọ fún ìyá wọn tó ń fọ aṣọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni tìyá tọmọ fi ọṣẹ, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn bá aró yẹn jà, tó fi ku ìwọ̀n ìka kan létí ìsàlẹ̀, tí aránṣọ gé dànù. Bàbá dá gáùn padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n lọ béèrè bóyá ó ṣì funfun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lọ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyá aránṣọ sọ fún wọn pé gáùn ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín láti oṣù tó kọjá, kí wọ́n kúkú jókòó jẹun.

Bàbá àti aránṣọ yìí, tí í ṣe màmá wa, ṣègbéyàwó ní oṣù kẹrin ọdún 1977. Màmá fúnra wọn ló rán gáùn tiwọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò gbà kí ọkọ̀ kankan gbé e. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí ọwọ́ Bàbá bá ti kàn, Màmá kì í wọ̀ ọ́ láì tẹ́ tówẹ̀lì sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Tówẹ̀lì márùn-ún ló gbó sórí iṣẹ́ yìí. Lójú èrò, Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi ní kápẹ́ẹ̀tì tirẹ̀." Ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n. Àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọṣẹ́ wọn, tóun náà ti di ọ̀gá ńlá báyìí, jẹ́rìí pé Bàbá sọ fún òun lọ́jọ́ kan pé, "Gbogbo ìlú ló gbà mí gbọ́ tán. Ẹsẹ̀ méjì péré ló kù." Ẹsẹ̀ méjì yẹn ni wọ́n fi gbogbo ayé lépa.

Wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ pátákó rẹ̀: "JẸ́ KÓ KÁN." Oníbàárà tó bá wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá omi dúró, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni wọ́n á nàka sí, ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí ti wá. Sípóòkù tí wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá wọn ni wọ́n fi ń la họ́ọ̀sì. Wọ́n á fi aṣọ wé orí rẹ̀ kó má baà lu róbà, wọ́n á sì fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọn kì í sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ife omi kan ni wọ́n máa ń dà sínú àwo òkè, wọ́n á wá dọ̀bálẹ̀ ka ení, èjì, títí omi á fi kán nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ka méje tí kò kán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá sọ́dọ̀ wọn tó ń sunkún pé ibi mẹ́ta ni wọ́n ti sọ fún òun pé rédíétọ̀ ọkọ̀ òun ti bàjẹ́. Bàbá fa ewé mẹ́rin àti ilé èèrà kan yọ, wọ́n ní kó máa lọ. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń gbe omi tó bá kán sínú bàsíà, tí wọ́n sì ń fi bomi rin òdòdó iwájú ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì náà ti ń ṣiṣẹ́.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Bàbá. Láti ọdún 1983 ni wọ́n ti ń ṣe olùtọ́jú èrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n máa ń sùn díẹ̀ nígbà ìwàásù, ṣùgbọ́n Àmín kan kì í kọjá wọn. Wọ́n ṣe alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì láti 1994 sí 2002, àwọn ló sì ṣe òfin pé ẹni tó bá dí họ́ọ̀sì omi éésì á ra aṣọ funfun wá fún Màmá. Mẹ́ta lára ọmọ ẹgbẹ́ kó sínú òfin yìí. Aṣọ tí wọ́n rà ni Màmá fi rán aṣọ tábìlì tí ẹgbẹ́ ń lò títí di òní.

Ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọdún 2018, wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn fẹ́ ṣègbéyàwó, Màmá sì jókòó ti máṣíìnì, wọ́n rán gáùn rẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì, la bá rí Bàbá tí wọ́n gbé sípóòkù jáde, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, wọ́n ń ra pálá lọ sábẹ́ ọkọ̀ ilé. A pariwo, wọ́n ń wọlé lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ di ẹsẹ̀ wọn mú lọ́tùn-ún lósì. Ewé yọ, omi ìdọ̀tí dà sí wọn lójú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní ká da omi sókè. Wọ́n ka ení, èjì, ẹta, ó kán.

Nígbà tó di Sátidé, ọmọ-ọmọ àti ẹrù ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀, kò sí ibi tí gáùn lè wà. Ìrìn wákàtí méjì ló wà níwájú, oòrùn sì ti mú. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú páálí. Wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n wo Bàbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká tówẹ̀lì nílẹ̀ ọkọ̀, wọ́n tì í bọ inú báàgì wọn, wọ́n sì gbé gáùn sí ojú ibẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ tan éésì."

Bí ọkọ̀ ṣe dúró, Bàbá bọ́lẹ̀, wọ́n ṣí páálí, wọ́n fọwọ́ pa etí gáùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbẹ. Wọ́n lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń sunkún. Màmá tẹ̀ lé wọn, wọ́n yọ tówẹ̀lì nínú báàgì, wọ́n sì fi nu ojú ọkọ wọn.

Bàbá sùn lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2024, lórí àga wọn níwájú ilé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá gbé wọn, Màmá ní kí dírẹ́bà dúró ná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ náà dáadáa. Wọ́n ní, "Ó ń kán. Ẹ máa gbé wọn lọ." Ẹ̀rín pa àwa tí à ń sunkún.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Bàbá ni Màmá, aya wọn ọ̀wọ́n, àbúrò wọn obìnrin kan, ọmọ mẹ́rin: mẹkáníìkì kan, nọ́ọ̀sì kan, tíṣà kan, àti àbíkẹ́yìn tó ń ránṣọ, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí wọ́n gbé lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó lọ, àti ọmọṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí gbogbo wọn ń ka ení, èjì títí dòní. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín bá kán omi sílẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó kán.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí ibi tó tutù, tó sì gbẹ. Màmá ní ká kọ ìyókù sílẹ̀ báyìí, ká má fi kún un, ká má yọ níbẹ̀: Ọkọ mi, ẹsẹ̀ méjì tó kù náà ti gbà yín gbọ́. Ẹ sùn re o.