Fóònù Tó Ń Já Ọ̀pọ̀tọ́ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìyá ìkókó,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọmọ tuntun ń mu ọyàn dáadáa, ṣé ó ń jẹ́ kí o rójú sùn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní fi ẹkún rọ́pò ẹ̀rín yín. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò mọ ilé bàbá ìyá rẹ̀, a kò ní fi ojú wá a tì. Àmín. Bí o bá béèrè mi, ara mi le, àmọ́ ọkàn mi kò sí nílé rárá. Kí o tó ka ọ̀rọ̀ tó kàn, wẹ̀yìn wò bóyá ìyá rẹ wà nítòsí. Bó bá wà níbẹ̀, gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, kí o wọ yàrá, kí o ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi, gbà mí o. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi ń já ọ̀pọ̀tọ́ ìyá rẹ.

Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà lo ní kí n ya àwòrán àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́ wa, ewé wọn, èèpo wọn, àti ìdí èso wọn níbi tí ojú kékeré yẹn wà, pé o fẹ́ mọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí o lè gbin ẹ̀ka wọn sínú ìkòkò ní ilé yín tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. O ní ohun kan wà nínú fóònù náà tó mọ orúkọ gbogbo igi tó wà láyé. Mo gbọ́. Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó mọ́, nítorí n kò mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń rí mi. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn, mo ní bóyá ọwọ́ rẹ̀ dí.

Mo kọ́kọ́ fi igi dúdú ẹ̀gbẹ́ kànga hàn án, èyí tí ewé rẹ̀ ní ìka bí ọwọ́ èèyàn, tí èso rẹ̀ máa ń dúdú tí yóò sì sán lára bó bá pọ́n. Ó ní ọ̀pọ̀tọ́ ni. Mo ní o káre. Mo gbé e lọ sídìí igi ìyá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, èyí tí èso rẹ̀ kì í pa àwọ̀ dà, tí yóò máa dà bí ewé títí a ó fi jẹ ẹ́, àmọ́ tí inú rẹ̀ pupa fòò tó sì dùn bí oyin. Ó tún ní ọ̀pọ̀tọ́ ni. Mo fi igi ẹ̀yìnkùlé tí mo sọ ní Aláìwúlò hàn án, tí o mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ èso rẹ̀, bí ẹni ń jẹ òwú ni. Ó ní ọ̀pọ̀tọ́ ni! Ẹnu yà mí. Ìyẹn dà bí ìgbà tí èèyàn wo èmi, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa àti ewúrẹ́ rẹ̀, tó wá ní ẹlẹ́mìí ni gbogbo wa. Kí n lè dán an wò, mo ní kí télọ̀ ṣí fìlà, mo ya orí rẹ̀ tó pá. Ó ní elégédé ni. Láti ìgbà náà ni télọ̀ kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní èmi ni mo kọ́ fóònù ní èébú.

Mo wá rò ó pé bóyá àwòrán kan kò tó. Mo ya èso orí igi ìyá rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. O ní wọ́n ti dé, o ní ẹ ṣeun bàbá. Kò pẹ́ sí i ni èso bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọn kò pọ́n, wọn kò rà, ẹyẹ kò sọ wọ́n. Mo la ọ̀kan, òfìfo ni inú rẹ̀. Mo ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láàárọ̀, mo tún ń gbá a lọ́sàn-án, wọ́n ṣì ń já. Igi dúdú tí mo yà lẹ́ẹ̀kan péré, nǹkan kan kò ṣe é. Mo bá jókòó, mo rò ó, ó yé mi: èso tí a ti kó lọ sí ìlú ńlá, kí ló tún fẹ́ máa wá lórí igi? Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n wà. Mo fi ọmọ tuntun yẹn bẹ̀ ọ́, dá àwọn àwòrán náà padà, má sì jẹ́ kí ọ̀kankan sọnù lọ́nà.

Ní tèmi, mo ti fi aṣọ di fóònù náà, mo gbé e sínú ìkòkò, mo sì dé e. Ìgbà tó bá dún nìkan ni mò ń yọ ọ́, mo sì máa ń kọ ojú rẹ̀ sí ògiri kó má baà rí igi.

O mọ ohun tó ń já mi láyà. Nígbà tí ìyá rẹ ń gbẹ́rù sínú ọkọ̀ láti wá bá ọ tọ́jú ọmọ, mo bi í pé ìgbà wo ló máa dé. Ó ní ìgbà tí ọ̀pọ̀tọ́ òun bá pọ́n. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ìyá tó bí i ló fún un ní ẹ̀ka igi yẹn nígbà tó ń bọ̀ nílé mi, òun ló gbìn ín, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, èmi ò fọwọ́ kàn án rí àfi tí mo bá fẹ́ jẹ. Bí kò bá wá pọ́n mọ́ ńkọ́? Ilé yìí ti tóbi jù fún mi. Mo se oúnjẹ lánàá, mo bu ti ìyá rẹ sílẹ̀ kí n tó rántí.

Kì í sì í ṣe pé mo káwọ́ gbera o. Mo tún gbogbo àyíká ṣe. Mo já èso Aláìwúlò tí ọwọ́ mi tó, mo kó wọn fún ewúrẹ́ télọ̀, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín kan ń jáde láti inú wọn, wọ́n sì ń fò lọ sórí igi ìyá rẹ. Mo dáná èéfín lé wọn. Mo ní ojú mi ṣì là, ẹ ò ní jẹ ẹ́.

Ibi tí mo kọ lẹ́tà yìí dé nìyí tí fóònù fi dún nínú ìkòkò. Ìyá rẹ ni. Ohùn mi ń gbọ̀n, ó ní kí ló ṣe mí, mo ní òtútù ni, ó ní nínú ooru yìí? Ó wá bi mí pé ṣé mo ti so ìlẹ̀kẹ̀ fún igi òun. O rántí pé lọ́dọọdún, bí ooru bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ a fi okùn sin èso Aláìwúlò bí ìlẹ̀kẹ̀, a gbé e kọ́ ẹ̀ka igi rẹ̀, èmi a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́ ju ọkọ lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní nígbà tí kò sí nílé, ta ló fẹ́ rí ọ̀ṣọ́ igi? Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé èso ṣì wà lórí rẹ̀ àbí kò sí. N kò lè parọ́ mọ́, mo sọ fún un pé fóònù ti ń já wọn.

Ọmọ mi, igbe tó ké mú kí n ju fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà, ó ní abo ni igi òun, akọ ni Aláìwúlò. Ó ní inú èso ọ̀pọ̀tọ́ ni òdòdó rẹ̀ wà, pé àwọn kòkòrò yẹn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú ara akọ, tí wọ́n ń gba ojú ìdí èso wọlé sínú abo, bí wọn kò bá sì wọlé, igi á da gbogbo ọmọ rẹ̀ nù. Ó ní igi dúdú kò nílò akọ, ó máa ń dá so fúnra rẹ̀ ni. Jókòó ni mo jókòó sílẹ̀. Ọkọ ìyàwó ni mo já fún ewúrẹ́ jẹ! Àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó ni mo ń fi èéfín lé! Àṣé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ ni mò ń jẹ láti ọjọ́ yìí, èmi sì rò pé igi kàn ń so ni. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ ọ́ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ojú tì mí gan-an.

Ó wá bi mí bóyá ó ku èso kankan. Mo yọjú, mo ní ó ku àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ẹ̀ka òkè, wọn ò ju ẹ̀wà lọ. Ó ní Aláìwúlò ńkọ́? Mo ní ibi tí ọwọ́ mi kò tó nìkan ló kù. Ó ní kí n dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá mi ní kúkúrú. Mo sáré lọ yá tábìlì télọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó bá mi di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó sì fún mi lókùn. Mo gùn ún, mo já wọn, mo sin wọ́n, mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ igi. Àwọn kòkòrò náà jáde níṣojú mi, ara wọn funfun fún lẹ́búlẹ́bú, mo ní ẹ káàbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Mo rí ọ̀kan tó wọlé.

Bí agbára bá wà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àkàbà, nítorí ẹsẹ̀ tábìlì télọ̀ ti kán nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, owó ìyẹn náà wà lọ́rùn mi. Àwòrán tí mo ní kí o dá padà, o lè fi wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́run yóò bá ọ wo ọmọ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ kò ní bàjẹ́. O kò ní wá ẹni tí yóò dúró tì ọ́ tì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí n kò lè bi ìyá rẹ lórí fóònù. Nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, bóyá tó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, bá mi bi í bí ẹni pé ìwọ lo rò ó fúnra rẹ: bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló pọ́n, ṣé yóò wá?

Èmi ni,
Bàbá rẹ.