Ìpayà Tí Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Pè Ní Ẹ̀mí

Bàámi tí mo ń bínú sí,

Mi ò ní kí yín kí n tó sọ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo jókòó jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tilẹ̀ sín ẹnikẹ́ni jẹ. Nǹkan kan ò bà mí lẹ́rù. Lójijì àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, èémí ò délẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì kú bí igi. Wọ́n ní ẹ̀mí gùn mí, pé ọmọ wòlíì ti di wòlíì. Akọ̀wé tó ń kọ ìran sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé ìwé àti báírò wá sẹ́nu mi.

"Kí ni Ẹ̀mí wí?"

"Mo ń kú lọ."

Ó kọ ọ́ pé ẹnìkan fẹ́ kú nílé wa, àfi kí Màámi gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo ti sín yín jẹ rí níbẹ̀, mo gbọ̀n bí ẹ ṣe máa ń gbọ̀n, mo sì rí ìran pé kí wọ́n fún àwa ọmọdé ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí pẹpẹ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ó fetí sí àyà mi, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn mi. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀: "Bí inú èèyàn bá ń dà rú láti ọjọ́ Ajé nítorí ìdánwò ọjọ́ Ẹtì, àníyàn nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ó sì ń pẹ́. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ìpayà òjijì ni. Kì í kan ilẹ̀kùn. Á le fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dà bí ikú, á sì rọlẹ̀. Kì í pani. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún bàbá ẹ títí. Wọn ò sọ fún ẹ ni?"

Ẹ ò sọ. Kí ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di òpó mú tó bá dé sí yín, tí ẹ máa ń ní kí n bu omi tútù sí yín lọ́wọ́. Ṣé oyè wòlíì dùn tó bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì jẹ́ kó dé bá mi bí olè.

Mo délé, ètè Màámi ti gbẹ. Ó ń bi fọ́tò yín pé ta ló fẹ́ kú nílé wa.

Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú ẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tó ṣe mí, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbá mi létí. Ó mu ẹ̀kọ náà tán, ó wá rọra ní, "Ti bàbá ẹ ńkọ́?"

Mo ní tiyín, ẹ̀mí ni.

Ó ní òun mọ̀. Ojú ẹ̀ tàn. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un, ẹ sì ti kú.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tínú ṣì ń bí.