Ẹ̀rín Tí Mo Rín Láàárọ̀ Yìí

Lorna,

Kọfí wà lórí sítóòfù. Mo gbé mọ́tò lọ fún mẹkáníìkì. Jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn yàrá, má sì lọ sílé àbúrò rẹ.

O ní, "Elwood, ọkùnrin ń fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn nínú tẹlifíṣọ̀n, ìwọ ń rẹ́rìn-ín! Ṣé ẹni tí mò ń sùn tì nìyí?"

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Aláwàdà wa àtijọ́ ni ọkùnrin yẹn, èyí tó máa ń já bọ́ lórí àkàbà, tí a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ta ló ní kó wá ṣe apànìyàn nínú fíìmù yẹn? Kò yé mi. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ìgbà tí yóò ṣubú.

Kò ṣubú. Ẹ̀rù bà mí. Mo na ọwọ́ sí ọ, o ti dìde lọ.

Elwood