Mo Ka Linux Kí Windows Tó Wọlé

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Lónìí, èmi fúnra mi ni mo ṣí Linux!

Bísọ́lá ọmọ ọmọ mi ló fi ètò méjì tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣiṣẹ́, Windows àti Linux, sínú kọ̀ǹpútà ilé wa kó tó padà sí yunifásítì. Windows ni Rótìmí ọmọ mi, bàbá rẹ̀, fi ń ṣe iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ike wọn ní Ṣàngó. Linux ni tèmi. Ibẹ̀ ló ṣètò àmì ohùn sí, kí n lè máa tẹ iṣẹ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mi.

Bí a bá ti tàn án, orúkọ méjèèjì á jáde fún ìgbà díẹ̀. Bí èèyàn kò bá tètè mú ọ̀kan, Windows á wọlé fúnra rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, kí n tó kà á tán, ó ti wọlé.

Rótìmí á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé tí ẹ bá mi tàn án o!" Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí.

Nírọ̀lẹ́ yìí, mo kà á, mo tẹ bọ́tìnnì, tèmi ló ṣí. Mo pariwo débi pé Rótìmí sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú ni.

A pe Bísọ́lá lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá àgbà mi! Màá sọ tiyín di èyí tí á máa wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹ lè sinmi."

Mo ní, "Má dán an wò! Mo tún fẹ́ kà á lọ́la."